Dosu Atukọ̀ àti Ọjọ́ Orí Tí Kò Yé E

Àwọn ará Iworo máa ń sọ pé kí wọ́n tó gé ìwọ́ Joseph Dosu ló ti di àjẹ̀ mú. Irọ́ ni, ṣùgbọ́n irọ́ tó bá a lára mu ni. Bí Dosu bá ń rìn lórí ilẹ̀, á máa fì sọ́tùn-ún, á máa fì sósì, bí ẹni tí ilẹ̀ ń mì lábẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá ti dénú ọkọ̀, ara rẹ̀ á balẹ̀ wọ̀ọ̀, ojú rẹ̀ á sì mọ́ bí ojú ẹni tó ti jẹ ìrẹsì Kérésì ṣáájú ìsìn.

Atukọ̀ káńsù ni. Káńsù Ẹ̀bá-Ọ̀sà, káńsù kékeré kan tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà létí omi, tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò ju mẹ́wàá lọ, tí àga rẹ̀ kò sì tó mẹ́wàá. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ ìjọba ní òdìkejì ọ̀sà, Dosu ló ń gbé e: wolé-wolé tó ń lọ yọjú sínú ìkòkò omi àwọn obìnrin, agbowó-orí tó ń lépa àwọn ọkùnrin tó ti sá lọ sójú òkun. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, ọkọ̀ yẹn kan náà ni Dosu yóò wà lọ sílé ní Iworo. Kò sí ìwé tó fún un láṣẹ bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹni tó bi í léèrè rí. Òun ló ń fi ọ̀dà dí ojú ihò rẹ̀, òun ló ń gbọ́n omi inú rẹ̀, nígbà tí òjò bá sì ń rọ̀, Agatha aya rẹ̀ ní ọkọ̀ ni Dosu kọ́kọ́ ń bò kó tó bo òun.

Ọdún tí epo rọ̀bì ń tú jáde bí ẹni pé ilẹ̀ jẹ àjẹjù tó ń bì, rédíò kéde pé ìjọba ti tún owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ tò. Ẹni tó ń gba kékeré yóò gba ńlá, ẹni tó ń gba ńlá yóò gba èyí tí kò ní lè dá gbé. Udoji ni gbogbo ènìyàn ń pe owó náà, wọn kò sì tíì rí i tí wọ́n ti ń ná an. Ẹni tí kò ní bàtà ti ń dúnàá-dúrà kẹ̀kẹ́, ẹni tó ní kẹ̀kẹ́ ti ń bú u pé kò ní ẹ́ńjìnnì.

Ọ̀gbẹ́ni Ọládàpọ̀ ni akọ̀wé àgbà káńsù nígbà náà, ọmọ Ìjẹ̀bú, ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, tó gbé ìyàwó ní Àjíǹde tó kọjá. Ìwé dé bá a láti Èkó pé ipele mẹ́wàá ni owó oṣù tuntun pín sí, kí káńsù to àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sórí wọn, kí èsì sì padà kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Àmọ́ Ọládàpọ̀ ti gbọ́ pé Èkó gan-an ni wọ́n ti ń fún àwọn akọ̀wé àgbà ní ipele tiwọn, ẹ̀rù sì ń bà á kí wọ́n má fún ẹlòmíràn ní tirẹ̀. Ó gbé báàgì.

"Ẹ jókòó, ẹ bá ara yín sọ ọ́," ló wí, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti wà nínú mọ́tò. "Kí gbogbo wa wà lórí ipele bó ṣe yẹ. Eunice, tí wọ́n bá ti tò ó tán, tẹ̀ ẹ́, kí o fi ránṣẹ́."

Ó lọ. Wọ́n sì tò ó bó ṣe yẹ.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má tíì rẹ́rìn-ín. Nígbà tí àwọn apẹja bá fa àwọ̀n jáde létí òkun, tí ẹja kò kárí, ta ló ń kọ́kọ́ mú? Àgbà ni. Tí wọ́n bá pa ẹran nínú ẹbí, ta ló ń kọ́kọ́ mú? Àgbà náà ni. Nígbà tí ìjọba wá kó ipele mẹ́wàá, tínrín àti sísanra, síwájú àwọn ọmọlúàbí, tó ní kí wọ́n pín in bó ṣe yẹ, kí ló tún ń rò pé wọn yóò ṣe? Abẹ́ igi fúrúùtù tó wà níwájú ọ́fíìsì ni wọ́n jókòó sí, Bàbá Mákánjú sì na ọwọ́.

Mẹ́gàdì ni Bàbá Mákánjú. Ó ti dàgbà tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn olè tó ń ṣọ́ nígbà èwe rẹ̀ ti di baba ìjọ.

"Ẹ gbé ìkẹwàá wá," ló wí, bí ẹni pé ipele náà ní ìrù tí òun lè fi dì í mú.

Eunice, tó ń bá káńsù tẹ̀wé, la ẹnu. "Bàbá, ìkẹwàá ni èyí tówó rẹ̀ pọ̀ jù o. Ẹ̀yin tí ẹ ń sùn sẹ́nu ilẹ̀kùn?"

"Ta ló jù mí lọ níbí?"

Gbogbo wọn tẹ orí ba. Àkùkọ kan tó ń kọjá lọ pàápàá tẹ orí ba.

"Tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀."

Elijah wolé-wolé mú ìkẹsàn-án láìsí wàhálà, nítorí orí rẹ̀ funfun bí òwú. Ìṣòro dé nígbà tó kan ìkẹjọ. Ọwọ́ méjì ló nà jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ọwọ́ kan jẹ́ ti Dosu. Ìkejì jẹ́ ti Ajíbóyè, dírẹ́bà káńsù.

"Dosu, gbé ọwọ́ kúrò. Mo jù ọ́ lọ."

"Níbo lo ti jù mí lọ? Ní ti igbe kíké?"

"Kí wọ́n tó bí ọ ni mo ti ń wa mọ́tò."

"Mọ́tò tó ń kú sí Morogbo lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ yẹn? Èyí tí ẹ̀yin èrò inú rẹ̀ ń tì ju bó ṣe ń gbé yín lọ?"

Gbogbo abẹ́ igi bú sẹ́rìn-ín. Ajíbóyè kò rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó gbọn ṣòkòtò rẹ̀.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá gba ìkẹjọ nínú àwa méjèèjì, òun ni olórí gbogbo ọkọ̀ káńsù, tilẹ̀, tomi. Ọjọ́ tó bá di tèmi, pákó tí o fi ń gbá omi kiri yẹn, n ó là á. Àwọn obìnrin Iworo á fi yan ẹja."

Títí di ìgbà yẹn, eré ni Dosu ń ṣe. Ipele kẹjọ tàbí ìkẹta, kò mọ ìyàtọ̀ wọn, bí ẹni tí kò jẹ ẹran ìgalà rí kò ṣe mọ ibi tó dùn nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó gbọ́ pé wọ́n máa la ọkọ̀ òun, eré tán. Ó wo èbúté, ó wo ọkọ̀ náà tó ń jó díẹ̀díẹ̀ lórí omi láìmọ̀ pé wọ́n ti dárúkọ òun mọ́ iná. Láti ọjọ́ yẹn, ohun kan ṣoṣo ni Dosu ń wá láyé: kí ó ṣáà ju Ajíbóyè lọ.

"Ẹ yé bára yín jà," Eunice wí. "Ẹ lọ gba ìwé ìbúra ọjọ́ orí. Ẹni tí tirẹ̀ bá pọ̀ ni n ó tẹ̀ sókè."

Dosu tukọ̀ lọ sílé bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ó bá ìyá rẹ̀ nídìí ẹja yíyan, nínú èéfín.

"Ìyá mi, ọmọ ọdún mélòó ni mí?"

Obìnrin náà gbé ojú sókè. "Kí ló dé? Ṣé o ti kú ni, tí wọ́n fẹ́ kọ ọ́ sára pósí?"

"Káńsù ló ń béèrè."

"Vi ṣie, ọmọ mi, ọdún tí àbùùbùtán kú sí etí òkun ni mo bí ọ, lẹ́yìn àwọn ìbejì. Ìdí tí o fi ń jẹ́ Dosu nìyẹn. Òórùn ẹja yẹn kò jẹ́ kí n lè jẹ ọbẹ̀ ìkúnlẹ̀."

"Ọdún wo wá ni àbùùbùtán kú?"

"Ọdún tí mo bí ọ."

"Ìyẹn ni mo ń béèrè, ìyá mi. Ọdún wo lẹ bí mi?"

"Ṣé etí rẹ ti di ni? Ọdún tí àbùùbùtán kú!"

Ó yípo bẹ́ẹ̀, bí ọkọ̀ tí wọ́n ń fi àjẹ̀ gbá ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, títí ẹja fi jóná. Ohun tí ojú ń rí ni pé Dosu kò lè ju méjìlélógójì lọ. Ṣùgbọ́n ojú kì í búra.

Ọkùnrin kan wà tó máa ń gbé tábìlì sábẹ́ agbòòrùn nínú ọjà Badagry, tó ń báni kọ ìwé ìbúra. Kò bi Dosu ní ọdún tí wọ́n bí i. Ohun tó bi í ni pé, "Mélòó lẹ ń fẹ́?"

"Mélòó ni Ajíbóyè gbà?"

"Àádọ́ta ló gbà láàárọ̀ yìí."

"Ẹ kọ mẹ́tàléláàádọ́ta."

Ajíbóyè gbọ́. Ó padà wá, ó gba mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. Dosu gbọ́, ó gba ọgọ́ta. Wọ́n ń dàgbà bẹ́ẹ̀ bí iṣu òjò àkọ́rọ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan tí àwọn ẹlòmíràn fi dàgbà ní ọjọ́ méje, Dosu fi ogún ọdún dàgbà, ẹ̀yìn sì ń ro ó ní tòótọ́. Nígbà tí Elijah wolé-wolé gbọ́ pé àwọn ọmọ kékeré ti ń ju òun lọ, ó sáré lọ lọ́sàn-án gangan, ó di ẹni ọgọ́rin. Àwọn tó kù ní ọ́fíìsì náà kò fẹ́ jẹ́ àbúrò ẹnikẹ́ni. Eunice nìkan ló kọ̀. "Mi ò tíì lọ́kọ," ló wí. "Ta ni yóò fẹ́ mi tí mo bá fi ìwé ìbúra di ìyá àgbà?" Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ló ṣì jẹ́, ipele kìíní ló sì bọ́ sí. Bàbá Mákánjú náà kò gba ìwé kankan. Àgbà tí gbogbo ènìyàn gbà fún, kí ló fẹ́ fi ìwé ṣe?

Nígbẹ̀yìn, Ajíbóyè gba méjìlélọ́gọ́ta, Dosu gba mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Ajíbóyè tún fẹ́ padà lọ, ṣùgbọ́n aya rẹ̀ dúró sí ẹnu ọ̀nà. "Tí o bá fi ẹyọ kan kún un," ó wí, "mi ò jẹ́ aya rẹ mọ́, ọmọ-ọmọ rẹ ni mí." Ibẹ̀ ni eré ìje náà parí sí. Dosu mú ipele kẹjọ, ó di olórí ọkọ̀ tilẹ̀ tomi, kò sì sí ẹni tó la pákó kankan. Eunice tẹ̀ ẹ́, ó fi ránṣẹ́, Èkó sì lù ú ní òǹtẹ̀ láìka ìlà kan.

Ọládàpọ̀ dé láti Èkó lọ́wọ́ òfo, nítorí wọ́n ní orúkọ akọ̀wé àgbà ti wà nínú ìwé tí káńsù rẹ̀ fi ránṣẹ́. Ó gba ẹ̀dà rẹ̀ lọ́wọ́ Eunice. Ó kà á. Ó yí i po, ó tún kà á.

"Ta ló fi mí sí ipele kejì?"

"Ọjọ́ orí yín ni, sà," Eunice wí.

"Mẹ́gàdì wà ní ìkẹwàá!"

"Akọ̀wé," Bàbá Mákánjú dá sí i láti orí àga, nítorí ó ti ní àga báyìí, "má pariwo lé àgbà lórí. Ìwọ ọmọ ipele kejì. Gba owó yìí, sáré lọ ra àkàrà wá."

Ọládàpọ̀ sáré, ṣùgbọ́n Èkó ló sáré lọ. Ẹni tó bá níbẹ̀ ṣàlàyé fún un pẹ̀lú sùúrù pé ohun tí òǹtẹ̀ bá ti bà, kò ṣe é parẹ́. Ìlànà káńsù rẹ̀ ti dúró: ọjọ́ orí ló ń gbé wọn gun ipele. Ìlànà kò ṣe é yí mọ́. Ọjọ́ orí nìkan ló ṣì ṣe é yí. Ọládàpọ̀ gba ọjà Badagry kọjá nígbà tó ń bọ̀. Nígbà tó padà wọ ọ́fíìsì, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni, ọ̀pá wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń wúkọ́. Ìyàwó tuntun sunkún tó ọjọ́ mẹ́ta, ó ní ọ̀dọ́mọkùnrin lòun fẹ́.

Owó tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, ìyẹn gan-an ló da orí Dosu rú pátápátá. Oṣù àkọ́kọ́, ó gbé àpòòwé rẹ̀ padà fún Eunice. "Ẹ wò ó dáadáa, bóyá ti ẹlòmíràn ni." Oṣù kejì, ó tún gbé e padà. Oṣù kẹta, Agatha bá a rìn dé ọ́fíìsì, ó gba àpòòwé náà kó tó dọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ra rédíò fún ìyá rẹ̀, wọ́n sì dá kóòtù fún òun, nítorí wọ́n ní ẹni ipele kẹjọ kì í wọ síńgílẹ́ẹ̀tì. Kóòtù náà ni ó ń wọ̀ tukọ̀. Òógùn á bò ó, àwọn apẹja á máa kí i láti ọ̀nà jíjìn, wọ́n rò pé òkú ló ń gbé lọ sí ìsìnkú. Ìyá rẹ̀ ní tirẹ̀ kò mọ ipele, ṣùgbọ́n ó mọ ohun kan, ó sì ń sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá wá ra ẹja: "Ọmọ mi ju dírẹ́bà lọ. Ó wà nínú ìwé."

Ó yẹ kí ìtàn dúró síbẹ̀ kí gbogbo wa lọ jẹun. Ṣùgbọ́n ìjọba yí padà. Rédíò tó kéde owó náà ló tún kéde pé ìjọba tuntun kò fẹ́ arúgbó. Òṣìṣẹ́ tó bá ti lé ní ọgọ́ta ọdún, kó máa lọ sílé rẹ̀, kó lọ sinmi.

Lọ́jọ́ kejì, Ọládàpọ̀ ju ọ̀pá nù, ó ń fò sókè lórí àtẹ̀gùn. Elijah kun irun rẹ̀ ní dúdú, ó sì fẹ́ fi ẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n ọkùnrin gígùn kan ti dé láti Èkó, ó wọ awò ojú dúdú, ó jókòó sí tábìlì akọ̀wé, ó ń ṣí ìwé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Mo ti rin gbogbo ìpínlẹ̀ yìí," ó wí. "Mi ò rí káńsù tó gbó tó báyìí rí. Dírẹ́bà tó lé ní ọgọ́ta, akọ̀wé tó lé ní ọgọ́ta. Ẹ̀yin wolé-wolé, ọgọ́rin ọdún, ilé ta lẹ lè wọ̀?"

"Ọ̀gá, aṣìṣe ni," gbogbo wọn wí.

"Ìbúra ni. Ẹni tó bá ní òun kéré ju ohun tí òun búra lọ, kó lọ mú ìyá tàbí bàbá tó bí i wá. Ẹni tó bí ènìyàn nìkan ni mo máa gbà gbọ́."

Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ wọn ti tán nílẹ̀, nítorí ìyá wọn ti kú. Ìyá Ọládàpọ̀ wà láyé, ó sì wá láti Ìjẹ̀bú, ṣùgbọ́n ọkùnrin awò dúdú ní ìyá náà fúnra rẹ̀ kò jọ ẹni ọgọ́ta ọdún, báwo ló ṣe máa bí ẹni ọgọ́ta ọdún? Ó lé e jáde, ó ní wọ́n háyà rẹ̀ ni. Dosu nìkan ló ń rẹ́rìn-ín. Orí rẹ̀ kò tíì mọ́ tó bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, kó dàgbà ni kò fi ní pàdánù ọkọ̀. Báyìí, kó má dàgbà ni. Kò yé e, àmọ́ ìyá rẹ̀ wà láyé, ó ní eyín, ó sì ní ohùn. Ó tukọ̀ lọ mú un.

Lójú omi, ó ń kọ́ ọ. "Ìyá mi, tí wọ́n bá bi yín, ẹ ní ọmọdé ni mí."

"Ọmọdé? Ìwọ tó ju dírẹ́bà lọ?"

"Ẹ ṣáà ti sọ ọ́. Ọkọ̀ yìí ni wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi."

Obìnrin náà fi ọwọ́ kan ara ọkọ̀. "Mo ti gbọ́," ó wí. "Ọmọdé ni ọ́."

Nígbà tí wọ́n wọlé, Ajíbóyè jókòó sí igun, ó ń dúró de ìwé ìlọsílé tirẹ̀. Ìyá rẹ̀ ti kú tipẹ́, kò sí ìrètí fún un, kò sì sí ohun tó kù tó lè ṣe ju kó wo tàwọn ẹlòmíràn lọ.

"Màmá, ṣé ọmọ yín nìyí?" ọkùnrin awò dúdú béèrè.

"Èmi ni mo bí i. Mi ò bẹ ẹnikẹ́ni lọ́wẹ̀."

"Ṣé ó ti pẹ́?"

"Ó ti pẹ́ bí? Bí àná ni. Ọmọdé ni. Ọwọ́ mi ló ṣì ti ń jẹun."

Dosu mí kanlẹ̀. Ọkùnrin náà mú kálámù, ó fẹ́ kọ ọ́. Ajíbóyè pa àtẹ́wọ́ ní igun.

"Ẹ gbọ́ o! Ẹnu ìyá rẹ̀ ló ti jáde! Ṣebí mo sọ fún un lábẹ́ igi fúrúùtù pé àbúrò mi ni. Dosu, àbúrò mi, dìde fún mi."

Ìyá Dosu yí ọrùn sí igun náà. Ó ń lọ díẹ̀díẹ̀ bí ẹ̀rọ tí wọ́n ń yí ọwọ́ rẹ̀.

"Àbúrò ta ni?"

"Ìyá mi," Dosu wí, "ẹ rántí ohun tí a sọ lójú omi."

"Dákẹ́! Àbúrò ta ni? Ìwọ Ajíbóyè yìí? Mo wà níbẹ̀ nígbà tí ìyá rẹ ń pọ̀n ọ́ kiri tí ikun ń ṣàn ní imú rẹ, Dosu mi ló ń lé eṣinṣin fún ọ!" Ó kọjú sí ọkùnrin awò dúdú. "Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ọ̀gá. Ó ju dírẹ́bà lọ. Ó ju akọ̀wé lọ. Ó ti lé ní àádọ́rin!"

"Àádọ́rin, Màmá?"

"Ó tilẹ̀ lé."

"Ẹ̀yin ńkọ́, ẹ ti tó mélòó?"

Ìyá Dosu tún gèlè rẹ̀ ṣe. "Èmi kò lè tó bẹ́ẹ̀."

Ọkùnrin náà pa ìwé dé. Ó ní, "Ẹ ṣé, Màmá."

Ṣéènì ni wọ́n fi so ọkọ̀ káńsù mọ́ òpó ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ọkọ̀ èrò ni Dosu àti ìyá rẹ̀ wọ̀ lọ sílé, láàárín apẹ̀rẹ̀ ẹja. Dosu kò mọ ibi tí yóò gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sí. Ìyá rẹ̀ fi ìgbúnwọ́ gún un. "Ṣé o rí ojú Ajíbóyè?" ó bi í, ó sì rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi dé Iworo.

Báyìí ni Dosu ṣe di àgbàlagbà. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó jọ ń wẹ̀ nínú ọ̀sà bẹ̀rẹ̀ sí í fi 'ẹ' tí à ń pe àgbà kí i. Ní ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì, wọ́n mú un lọ jókòó láàárín àwọn bàbá tó ń sùn bí ìwàásù bá bẹ̀rẹ̀. Owó ìfẹ̀yìntì ṣì wà lójú ọ̀nà, ọ̀nà náà sì jìn. Láràárọ̀, ó máa ń jí, á sọ̀kalẹ̀ lọ sétí omi, á dúró, á wá rántí. Á fì padà wálé. Agatha máa ń bá a níbi tó jókòó sí, tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbá afẹ́fẹ́, apá ọ̀tún, apá òsì.

Ṣùgbọ́n owó-orí kì í fẹ̀yìn tì. Ó yá, ìròyìn kan Iworo pé káńsù ń wá atukọ̀ kan àti dírẹ́bà kan, ipele kìíní, ẹni tí kò bá tíì ju ọmọ ọdún mọ́kànlélógún lọ. Dosu bọ́ kóòtù, ó wọ síńgílẹ́ẹ̀tì, ó lọ.

Bàbá Mákánjú ló bá lórí àga akọ̀wé àgbà. Gbogbo ilé ti ṣófo, nítorí ẹni tó níwèé ni wọ́n lé. Mákánjú kò níwèé. Ọkùnrin awò dúdú ti wo orí rẹ̀, ó ti wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ti wá inú fáìlì títí, kò rí ọdún kan ṣoṣo tí ó lè fi lé e lọ. Òun àti Eunice nìkan ló kù, ìjọba sì ní kí ó máa di àyè náà mú.

"Ọmọ ọdún mélòó ni ọ́?" Mákánjú bi í, láìrẹ́rìn-ín rárá.

"Bàbá, ṣebí ẹ mọ̀ mí."

"Èmi mọ̀ ọ́. Ìjọba ni kò mọ̀ ọ́. Mélòó?"

"Bọ̀dá Dosu, ẹ má ju mọ́kànlélógún lọ o," Eunice sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Mọ́kànlélógún ti lọ," ohùn kan wí lójú fèrèsé. Ajíbóyè ni, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Láti àárọ̀ ni mo ti gbà á. Wá ibòmíràn lọ, èmi àti ìwọ kì í ṣe ojúgbà."

Dosu la ẹnu, ó fẹ́ sọ méjìlélógún. Ahọ́n rẹ̀ ti kan èrìgì fún un. Ẹyọ kan péré! Ó ti ṣe é rí, ó mọ bí ó ṣe ń dùn. Ṣùgbọ́n ojú fèrèsé tí Ajíbóyè dúró sí náà ló ti rí èbúté. Wọ́n ti dojú ọkọ̀ dé sórí iyanrìn. Ọ̀dà ti sán nídìí rẹ̀, adìyẹ kan sì ti lọ sàba sábẹ́ rẹ̀ bí ẹni tó san owó ilé.

"Ogún," ó wí. "Ẹ kọ ogún."

Eunice fi ọwọ́ bo ẹnu. "Ogún? Mo ti jù yín lọ nìyẹn."

"Ẹ jù mí lọ, Àǹtí."

"Èmi ńkọ́?" Ajíbóyè béèrè. Ó ti wọlé, ó gbé àyà sókè. Ó ti pẹ́ tó ti ń dúró de ọjọ́ yìí.

Dosu dọ̀bálẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ pátápátá, àyà rẹ̀ kan ilẹ̀ símẹ́ńtì. "Ẹ kú iṣẹ́ o, bọ̀dá mi."

Ajíbóyè dúró. Ó yẹ kí ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ló ń wá, kò rí i. Ó wo Mákánjú, ó wo Eunice, bí ẹni pé ó yẹ kí ẹnìkan sọ fún un bí wọ́n ṣe ń ṣe é. "Dìde, dìde," ó wí níkẹyìn, "má fi ilẹ̀ ba aṣọ jẹ́." Ó ti ọwọ́ bọ àpò, nítorí ẹ̀gbọ́n kì í wo àbúrò níran lásán, ó fún un ní kọ́bọ̀ mẹ́wàá. "Fi ra àkàrà." Nígbà tí Dosu gbà á tán, Ajíbóyè tẹ̀ lé e dé èbúté, ó sì ràn án lọ́wọ́ láti yí ọkọ̀ náà dojú kọ ọ̀run. Adìyẹ náà bú wọn.

Dosu fi ọ̀dà kun ún, ó dúró kí ó gbẹ. Nígbà tí oòrùn ti ń rẹ̀, ó tì í sómi, ó sì bọ́ sí i. Ilẹ̀ tó ń mì lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ láti ìgbà pípẹ́ dákẹ́. Ó gbá àjẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ọkọ̀ náà lọ. Ó kọrin ìjọ, ó gbàgbé ìlà kejì, ó tún ti ìbẹ̀rẹ̀ kọ ọ́ títí ó fi rí èéfín Iworo.

Ìyá rẹ̀ ti dúró létí omi. Ohùn rẹ̀ ló kọ́kọ́ dé.

"Dosu! Ṣé wọ́n gbà ọ́?"

"Wọ́n gbà mí, ìyá mi!"

"Mo mọ̀! Dírẹ́bà ńkọ́?"

"Wọ́n gba òun náà!"

Ìyá rẹ̀ gbé ọwọ́ sí ìbàdí. "Ta ni wọ́n wá ní kó jẹ́ àgbà nínú ẹ̀yin méjèèjì?"

Dosu gbé àjẹ̀ sókè, omi ń kán lẹ́nu rẹ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó yí orí ọkọ̀ padà bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sẹ́yìn, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í tukọ̀ lọ sáàárín ọ̀sà.